Wọ́n Kó Ìwé Orin Wa Fún Alákàrà

Àgbàlagbà ló yẹ kó máa kọ irú ìtàn yìí, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ títí irun orí rẹ̀ fi funfun, tí wọ́n sì ti bá a ṣe ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì. Èmi kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kọ́ láti kékeré ti parí mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù mi ní ìlú Òrù, mo ti kó irin iṣẹ́ sínú àpò, mo sì ti padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Efire létí ọ̀sà, níbi tí èmi àti wọn ti jọ ń yan ẹja. Bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ tán kò bá ròyìn rẹ̀, ta ni kó wá ròyìn ẹ̀?

Ìwé dídì ni iṣẹ́ mi, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní báíńdìn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń jáde ilé ìwé, tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ́ fún, torí mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún yín. Wọ́n ní ìwé ti di ohun àtijọ́. Wọ́n ní inú fóònù àti tábílẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ìwé ayé wà báyìí, pé ẹni tó bá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ìwé lónìí, àfi bí ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ọlọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, nítorí inú ń bí mi, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e mì.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo ka ìwé mẹ́fà tán, ọ̀nà kò sí láti kọjá ibẹ̀. Àǹtí mi kan ní Àgọ́-Ìwòyè mú mi lọ sọ́dọ̀ Àlájì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń gbà. Àwọn méjèèjì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Èmi ń wo ilẹ̀.

Àlájì ga, ó tín-ín-rín, kì í sì í pariwo. Bí iṣẹ́ rẹ kò bá dára, kò ní bú ẹ. Á gbé ìwé tí o dì sókè títí dé èjìká rẹ̀, á sì jù ú sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, á fi ìka méjì mú ewé kan ṣoṣo láàárín ìwé náà, á fi gbé gbogbo ìwé dìde. Bí ewé náà bá fi lè yọ, á na abẹ sí ẹ. O ti mọ ohun tó kàn: kí o tú gbogbo òwú tí o fi rán an, kí o bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ yunifásítì kan tó rí i ní kí ló dé tí wọ́n ń ju ìwé bí ẹni ń ju iṣu. Àlájì dá a lóhùn pé, "Ìwé tí kò lè ṣubú kì í ṣe ìwé. Ẹyin ni."

Odindi ọdún kan ni n kò fi ọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Bébà ni mo ń ká. Egungun ìhà màlúù tí wọ́n ti yún títí ó fi ń dán ni a fi ń tẹ ojú ibi tí a ká, kó lè jókòó. Lẹ́yìn bébà kíká, sítáàṣì ni mo ń sè. Pákí ni a fi ń ṣe é, omi ewúro ni a sì fi ń pò ó dípò omi lásán, kí aáyán má baà jẹ ìwé. Bí o bá sè é kó ki jù, ẹ̀yìn ìwé á sán. Bí ó bá ṣàn jù, á rin bébà. Mo sunkún lórí ìkòkò sítáàṣì yẹn ju bí mo ṣe sunkún nílé lọ. Títa ríro là ń kọlà, bó bá jinná tán ní í di oge. Nígbà tí mo wá mọ̀ ọ́n sè, ìwé tí mo bá lẹ̀, ẹ lè fa páálí rẹ̀ ya, ẹ kò ní lè ya ewé kúrò lára páálí. Mo fi èyí yangàn nígbà náà.

Wàsíù, tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, ló kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún un ni Kùránì bàbá kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó rán an dáadáa, ó lẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó sì fi páálí sí i bí ẹni tó ń di Bíbélì, òdìkejì pátápátá, nítorí apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń ṣí Kùránì. Àlájì gbé e fún un, ó ní kó ṣí i, kó ké ojú ewé àkọ́kọ́. Wàsíù ṣí i, ó bá àwọn súrà kéékèèké tí wọ́n wà ní ìparí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké wọn lọ láìfura. Àlájì jẹ́ kó ké e tán. Ó ní, "Alùfáà Wàsíù, o ti parí Kùránì kí o tó bẹ̀rẹ̀. A ó pa ẹran fún ẹ." Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ràn lọ́dọ̀ Àlájì. Láwọn ọjọ́ tó jẹ́ ti obìnrin, èmi kì í fọwọ́ kan Kùránì, bẹ́ẹ̀ ni n kì í fọwọ́ kan Bíbélì, nítorí ní ìjọ Aládùúrà tiwa, a kì í wọ ilé ìjọsìn láwọn ọjọ́ yẹn. N kò lè sọ ọ́ lẹ́nu. Mo kàn máa ń gbé àpótí ìjókòó mi lọ sápá kejì, níbi tí a ti ń ká páálí fáìlì. Àlájì á rí i, á gbé páálí wá síwájú mi, kò ní bi mí ní nǹkan kan. Àwọn gígé etí Kùránì, a kì í gbá wọn mọ́ pàǹtí. Inú àpò funfun kan ni wọ́n ń lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé wọn lọ sin sí oko rẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i pé inú àpò kan náà ló ń kó gígé etí Bíbélì sí. Mo bi í. Ó ní ṣé kí òun máa fi wọ́n dáná ni?

Ọkùnrin Mùsùlùmí yìí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ìwé orin Aládùúrà. Nínú ìjọ wa, yàtọ̀ sí orin inú ìwé tí wọ́n tẹ̀, àwọn orin kan wà tí Ẹ̀mí fi fún ìjọ kọ̀ọ̀kan, lójú àlá tàbí lórí òkè àdúrà. Orin Efire kì í ṣe ti Àgọ́-Ìwòyè, ti Àgọ́-Ìwòyè kì í sì í ṣe ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ìwé orin wá á sọ pé, "Ẹ bá mi fi ewé ẹ̀yìn sí i." Ewé ẹ̀yìn ni bébà onílà tí a ń rán mọ́ ìparí ìwé, òun ni wọ́n ń fi bírò kọ orin tí wọ́n gbà sí. Ewé tó gbẹ̀yìn pátápátá ni a ń lẹ̀ mọ́ páálí létí, kí ìwé lè dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Irin iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lójú mi. Ẹ̀rọ ìgéwé dé, abẹ ńlá tó ń gé ìwé bí ẹni gé búrẹ́dì, inú mi dùn sí i, n kò ní purọ́. Gọ́ọ̀mù gbígbóná dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ́ dúró de òwú mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni okùn irin tí wọ́n ń lọ́ gba inú ihò. Àlájì wò ó, ó ní ìwé ti ń wọ irin bí ẹlẹ́wọ̀n. Nígbà tó yá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbé ìwé wá mọ́ rárá. Inú fóònù ni wọ́n ti ń kàwé, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ń fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́. N kò bínú sí wọn. Fóònù èmi náà ní Bíbélì nínú, mo sì máa ń kà á nínú ọkọ̀. Wàsíù lọ kọ́ àtúnṣe fóònù. Àlájì darúgbó, ó padà sí oko. Èmi ti gba òmìnira nígbà náà, mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré sí Òrù, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé kéwú ni mo sì ń bá ṣiṣẹ́.

Ìgbà náà ni ìjọ wa ní Efire ní kí n wá tún gbogbo ìwé orin wọn dì. Inú kọ́bọ́ọ̀dù kan ní ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ni ìwé wọ̀nyí ń gbé. Wọn kì í gbé wọn lọ sílé, ìdí rẹ̀ sì ni orin kan.

Ìyá Ìjọ ló gba orin náà, lọ́dún tí ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé nínú ọ̀sà. Wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà yẹn. Orin ìsìnkú ni. A kì í kọ ọ́ nílé, a kì í kà á lásán, nítorí kì í ṣe orin ẹni tó wà láàyè. Etí omi nìkan ni a ti ń kọ ọ́, lọ́jọ́ tí a bá ń sin ọ̀kan nínú wa. Gbogbo ìjọ ló ń kọ ẹsẹ méjì àkọ́kọ́:

Ẹ tú okùn ọkọ̀ mi, ẹ má dè é mọ́,
Èbúté tí mo ń lọ kò ní ẹrẹ̀.

Ẹ gba àjẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ti rẹ̀ mí,
Ẹni tó pè mí ló ń tukọ̀.

Ẹsẹ tó gbẹ̀yìn, Ìyá Ìjọ nìkan ló ń kọ ọ́. Gbogbo àwa yòókù á kúnlẹ̀, a ó dojú bolẹ̀, atẹ́gùn ọ̀sà á sì máa gbé ìdajì ọ̀rọ̀ náà lọ. Ìyá Ìjọ ti pàṣẹ pé ewé tó gbẹ̀yìn nínú gbogbo ìwé ni kí ẹsẹ náà wà, kí ohunkóhun má tẹ̀ lé e, àwọn fúnra wọn ló sì fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo jókòó sí tí mo ti di gbogbo wọn. Mo rán wọn, mo fi sítáàṣì ewúro lẹ̀ wọ́n. Mo dé orí ewé tó gbẹ̀yìn nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo mójú kúrò. Mo kàn ń lẹ̀ ẹ́ ni. Ìyá Ìjọ wá wò mí, wọ́n fọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé kan, wọ́n ní, "Bọ́sẹ̀dé, èyí á gbẹ̀yìn mi." Èmi náà gbà pé á gbẹ̀yìn wọn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọmọ ìjọ wa kan tó wà lókè òkun fi tábílẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀, fún ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn tó ń ka ẹ̀kọ́. Bíbélì wà nínú rẹ̀, ìwé orin wà nínú rẹ̀, o kàn máa tẹ nọ́ńbà ni orin á sì jáde, lẹ́tà ńlá tí àgbàlagbà lè rí. Ohun tó dáa ni. N kò gbọ́ pé ó bàjẹ́ rí, iná sólà ló ń lò. Bùrọ̀dá Gbénró, akọ̀wé ìjọ, ló gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá. Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa kó o sí, pẹ̀lú bátìrì ńlá rẹ̀. Wọ́n wo kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kí ni ìwé àtijọ́ tún ń ṣe níbẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ? Wọ́n kó ìwé orin wa sínú àpò ìrẹsì, wọ́n sì gbé e fún ọkùnrin kan tó ń ra bébà ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ẹnikẹ́ni kò ṣí ẹ̀yìn ìwé kan ṣoṣo wò. Wọn kò bi Ìyá Ìjọ, nítorí àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀. Wọn kò bi èmi tí mo dì wọ́n. Bí wọ́n bá ti fi tábílẹ́ẹ̀tì yẹn náà ya àwòrán ewé ẹ̀yìn kí wọ́n tó kó wọn dànù, n kò ní rí nǹkan kan sọ. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ohun tí wọn ì bá fi gba ìwé là wà lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ju ìwé nù.

Ìyá Ìjọ kú láìpẹ́ sígbà yẹn. Wọ́n dá ọjọ́ ìsìnkú. Ìyá àgbà tó máa rọ́pò wọn ní kí wọ́n gbé orin náà wá kí òun lè kọ́ ọ. Akọrin tẹ ẹ̀rọ síwá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Kò sí nọ́ńbà orin náà, báwo ni ì bá ṣe wà? Ìgbà yẹn ni Bùrọ̀dá Gbénró pè mí lórí fóònù.

"Bọ́sẹ̀, ṣèbí ìwọ lo di àwọn ìwé yẹn. Ṣé ẹ̀dà kan kò ṣẹ́ kù sọ́dọ̀ rẹ?"

Mo ní, "Bùrọ̀dá, àwọn tí mo dì ńkọ́?"

Wọ́n wá sọ ibi tí wọ́n kó wọn lọ fún mi, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé ẹlòmíràn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọkùnrin onípépà náà kò ṣòro bá sọ̀rọ̀. Ó ní òun rántí àwọn ìwé náà dáadáa, nítorí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun. Òun kì í ta páálí mọ́ ìwé, páálí ní oníbàárà tirẹ̀, ṣùgbọ́n páálí ìwé wa kò gbà kí òun ya á. Òun fi agbára fà á títí, ewé tó gbẹ̀yìn nínú gbogbo wọn sì bá páálí lọ. Mo béèrè páálí. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó páálí ti gbé wọn lọ kí n tó dé, òun kò sì mọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń lọ̀ wọ́n sí. Mo béèrè ewé tó ṣẹ́ kù. Ó júwe alákàrà kan fún mi lẹ́yìn ọjà.

Màmá Sìkírá ni wọ́n ń pè é. Ó ń po ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Mo ṣàlàyé, ó sì wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Orin Ọlọ́run ni wọ́n kó fún alákàrà? Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì yìí náà."

Ó ní àwọn ojú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ti tán, àwọn aráàlú ti jẹ àkàrà nínú wọn. Ṣùgbọ́n òun kì í fi bébà tí wọ́n fi bírò kọ nǹkan sí di àkàrà, nítorí òróró gbígbóná máa ń yọ́ bírò, á sì di aró sára àkàrà. Ìdí iná ló ń kó wọn sí, láti fi ran igi. Ó nawọ́ sábẹ́ tábìlì, ó fa láílọ́ọ̀nù kan jáde. Àwọn ewé ẹ̀yìn tó ṣẹ́ kù ló wà níbẹ̀. Mo tú wọn wò ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìjókòó rẹ̀. Orin àlọ, orin àbọ̀, orin ìkómọ, mo rí wọn. Mo rí ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ orin ìsìnkú, nínú ọwọ́ ìkọ̀wé onírúurú èèyàn. Ẹsẹ tó gbẹ̀yìn kò sí nínú ọ̀kankan. Sítáàṣì tèmi ti dì í mú lọ.

Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.

A sin Ìyá Ìjọ létí omi. Gbogbo ìjọ kọ ẹsẹ kìíní, wọ́n kọ èkejì, wọ́n sì kúnlẹ̀ bí ìṣe wa. Ìyá àgbà tó rọ́pò wọn la ẹnu, kò sí nǹkan láti kọ. A wà lórí ìkúnlẹ̀, omi nìkan ni à ń gbọ́. Ẹni tó gba orin náà ni a ń sin, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí a sin láìsí ẹsẹ tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, a bi àwọn àgbà ohun tí wọ́n rántí. Bàbá apẹja kan ní ọ̀rọ̀ nípa ojúmọ́ ni. Ọmọ Ìyá Ìjọ ní rárá, àwọn ọmọdé tó dúró létí omi ni ìyá òun ń ké pè. Wọn kò gbà fún ara wọn títí di òní.

Mo rán àwọn ewé náà pọ̀ sí ìwé kan. Níbi tí ẹsẹ tó gbẹ̀yìn yẹ kó wà, mo fi ewé òfìfo sí i. Iṣẹ́ tí mo ṣe gbẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn.

Nígbà tí mo gbé e dé Efire, Bùrọ̀dá Gbénró ti ṣe tiwọn. Wọ́n ti tẹ orin náà sínú gbogbo tábílẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti fún un ní nọ́ńbà. Ẹsẹ kẹta wà níbẹ̀, àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́: ògo ni fún Baba lókè, a ó pàdé ní Jerúsálẹ́mù tuntun. Kò sí ọkọ̀ níbẹ̀, kò sí ẹrẹ̀, kò sí àjẹ̀. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní ìwé mi kí àwọn kọ ọ́ sí ewé òfìfo náà, kí ìwé àti ẹ̀rọ lè bára mu.

Ojú ń tì mí bí mo ṣe dúró níwájú wọn, ṣùgbọ́n n kò gbé ìwé náà sílẹ̀.

Mo ní, "Bùrọ̀dá, ta ló fún yín ní orin yẹn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ohun tó pé dára ju ohun tí kò pé lọ. Ìgbìmọ̀ ìjọ gbà pẹ̀lú wọn.

Báyìí, bí wọ́n bá ń sin èèyàn létí omi wa, ẹsẹ Bùrọ̀dá Gbénró ni wọ́n ń kọ. Gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́, kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ mọ́, nítorí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó sì rọrùn láti kà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ á gbà pé Ìyá Ìjọ ló gbà á. Orin tó wà nínú ẹ̀rọ pé. Èyí tó wà nínú àpótí mi kò pé. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ kọ́, ẹ kọ́ èyí tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Efire tí ẹ fẹ́ orin Ìyá Ìjọ, èyí tí kò pé ni kí ẹ béèrè.